Ẹyẹ Méjì Tí Ó Jọra Bí Ìbejì



Mo ti na Kẹ́hìndé rí nítorí ẹ̀ṣẹ̀ Táíwò. Ojú ni mo wò, èmi kò dúró gbọ́ ohùn. Ìgbà tí ọmọ náà lanu sọ̀rọ̀ ni mo tó mọ̀ pé mo ti ṣì í mú. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń ṣọ́ ẹyẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù máa ń ṣe lórí ẹyẹ kékeré méjì kan.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ ifèéfèé, koríko gígùn etí omi, pe ọ̀kan. Wọ́n fi àbàtà pe èkejì. Ẹ̀yìn àwọn méjèèjì rí bí àwọ̀ ilẹ̀, ikùn wọn sì funfun díẹ̀. Ẹyin adìẹ kan wúwo ju mẹ́ta wọn lọ. Bí ọ̀mọ̀wé tilẹ̀ mú wọn lọ́wọ́, ó lè ṣì wọ́n mọ̀.

Báwo ni a ó ti ṣe mọ̀ wọ́n? Èkínní, ẹ wo ilé wọn. Ẹyẹ ifèéfèé a máa hun ìtẹ́ rẹ̀ mọ́ ara ifèéfèé lókè omi. Ẹyẹ àbàtà fẹ́ràn àárín koríko tí ń jóni lára bí esìsì.

Èkejì, ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Ẹyẹ ifèéfèé a máa sọ ohun kan náà ní àsọtúnsọ, bí ọmọ tí ń ka ìṣirò àkọ́sórí. Ẹyẹ àbàtà a máa sín ẹyẹ mìíràn jẹ. Ní 1979, Françoise Dowsett-Lemaire kọ ìwádìí rẹ̀ jáde pé akọ kan a máa sín irú ẹyẹ bí 76 jẹ. Irú ẹyẹ 212 ni ó gbọ́ lẹ́nu gbogbo wọn; 113 nínú wọn jẹ́ ẹyẹ Áfíríkà!

Níbo ni wọ́n ti kọ́ wọn? Nígbà tí òtútù bá dé, ẹyẹ àbàtà a gba Kẹ́ńyà lọ sí Sáḿbíà àti gúúsù Áfíríkà. Ní ọdún kìn-ín-ní ayé rẹ̀ ni ó ń kọ́ orin àwọn ẹyẹ tí ó bá pàdé. Orin rẹ̀ ni ó ń sọ ọ̀nà tí ó gbà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹyẹ ifèéfèé láti ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù ń fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà wá sí ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi rọ́bà ta ẹyẹ, bí ẹ bá rí ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ létí odò nígbà ọyẹ́, ẹ fi òkò sílẹ̀. Àlejò ọ̀nà jíjìn lè ni. Èmi pẹ̀lú kì í gbé pàṣán mọ́ kí n tó gbọ́ ohùn ẹni.