Agolo Tí Ń Gba Ọ́ìlì àti Kábọ̀n Tí Ń Dì Mọ́ Fáàfù Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí. Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ń gba Èkó àti Kútọnu wọ ilẹ̀ wa lóde òní ni ẹ́ńjìnnì wọn yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá, àwọn tí ń ta ohun èlò ọkọ̀ sì ti rí ọjà tuntun tà fún àwọn tí ó ni wọ́n. Ọjà náà ni agolo kékeré kan tí a ń fi rọ́bà so mọ́ ẹ́ńjìnnì, tí a sọ pé yóò dá kábọ̀n dúró pátápátá. Ẹni tí ó fi owó àjọ ra ọkọ̀, tí ó sì ń fi èrò gbígbé san gbèsè, kò ní owó tí yóò fi ṣòfò. Ó yẹ kí ó mọ ohun tí agolo náà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe kí ó tó tú àpò.

Nígbà tí epo bá gbiná nínú ṣílíńdà, agbára iná náà ni ó ń ti písítìn lọ sísàlẹ̀. Àwọn ríìngì tí ó yí písítìn ká a máa dí ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí wọ́n dára tó, díẹ̀ nínú gáàsì náà a máa yọ́ kọjá lọ sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì níbi tí ọ́ìlì wà. Níbẹ̀ ni yóò ti gbé ìkùukùu ọ́ìlì, oru omi àti oru epo mọ́ra. Bí kò bá rí ọ̀nà jáde, yóò fún ẹ́ńjìnnì mọ́ inú, yóò sì ti ọ́ìlì jáde lára àwọn síìlì. Nítorí èyí ni a ṣe dá ihò sí i tí ó fi ń mí. Àwọn àgbà tí ó mọ ọkọ̀ akẹ́rù ayé àtijọ́ yóò rántí páìpù kan lábẹ́ ọkọ̀, tí ó dojú kọ ilẹ̀, tí ń rú èéfín, tí ọ́ìlì sì ń kán láti ẹnu rẹ̀. Ihò èémí náà nìyẹn. Ní nǹkan bí ọdún 1961 ni ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí béèrè pé kí ọkọ̀ tuntun má ṣe tú irú èéfín bẹ́ẹ̀ sí ojú ọ̀run mọ́. Láti ìgbà náà wá ni a ti ń darí rẹ̀ padà sí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, kí ó lè jóná níbẹ̀.

Èyí kò dá wàhálà púpọ̀ sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń lo kabúrétọ̀, tàbí nígbà tí ínjẹ́tọ̀ ń fún epo sí ẹ̀yìn fáàfù. Gbogbo ìgbà tí epo bá ń kọjá ni ó ń fọ fáàfù náà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tuntun, inú ṣílíńdà gan-an ni ínjẹ́tọ̀ ń fún epo sí. Mercedes-Benz 300 SL ti lo ọgbọ́n yìí láti ọdún 1954, ilé-iṣẹ́ Mitsubishi ní Japan tún gbé e jáde ní ọdún 1996, ó sì tàn kálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2000, nítorí pé ó ń dín epo tí ọkọ̀ ń mu kù, ó sì ń fi agbára kún un. Àléébù rẹ̀ ni pé epo kò kan ẹ̀yìn fáàfù mọ́. Afẹ́fẹ́ àti ìkùukùu ọ́ìlì nìkan ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá, fáàfù sì gbóná. Ọ́ìlì a gan mọ́ ọn bí ọ̀rá ti ń gan mọ́ ìkòkò tí a kì í fọ̀. Bí ó bá pẹ́, ọkọ̀ a máa gbọ̀n bí a bá ṣẹ́ná sí i láàárọ̀, kò ní lè gun òkè dáradára, epo tí ó ń mu yóò sì pọ̀ sí i.

Níbo ni agolo wá wọ ọ̀ràn yìí? Àárín rọ́bà ihò èémí àti ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni a ń fi í sí. Bí gáàsì bá wọ inú rẹ̀, yóò kọlu àwọn irin pẹlẹbẹ tàbí àwọ̀n tí ó wà níbẹ̀, yóò tutù díẹ̀, ọ́ìlì yóò sì kán sí ìdí agolo. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe irọ́. Ẹni tí ó bá tú agolo náà yóò bá ọ́ìlì, omi àti epo tí ó pò pọ̀ bí kọfí oníwàrà nínú rẹ̀, bí kò bá sì sí agolo, ọ̀nà fáàfù ni gbogbo rẹ̀ ì bá gbà. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí mẹkáníìkì fi àwọ̀ yìí dẹ́rù bà á pé gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. Omi inú agolo kì í ṣe àmì bẹ́ẹ̀.) Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú agolo kò sọ fún wa iye tí ó yọ́ kọjá. Kò sí agolo tí ń gba gbogbo ìkùukùu náà. Ọ́ìlì tí ń gba ara ọ̀pá fáàfù sọ̀kalẹ̀ nítorí síìlì rẹ̀ ti gbó kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ agolo rárá, bẹ́ẹ̀ sì ni gáàsì jíjóná tí ń padà sí ẹnu ọ̀nà. Agolo tí ó dára lè mú kí kábọ̀n falẹ̀. Ẹni tí ó bá ní yóò dá a dúró pátápátá ń ta ọ̀rọ̀ ni. Agolo ṣófo tí kò ní àwọ̀n tàbí irin nínú kò tilẹ̀ yẹ ní rírà.

Ọkọ̀ púpọ̀ sì wà tí kò ní ohun tí ó fẹ́ fi í ṣe. Corolla tí a ṣe láàárín ọdún 2003 sí 2008, tí ó pọ̀ jọjọ lójú títì wa, ẹ̀yìn fáàfù ni ó ń fún epo sí. Camry tí a ṣe láti ọdún 2018 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì 2.5 ní ínjẹ́tọ̀ oríṣi méjèèjì, nítorí náà fáàfù rẹ̀ ń rí epo. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ni irú Golf GTI ti ọdún 2006, Sonata ti ọdún 2011 àti Accord onísílíńdà mẹ́rin ti ọdún 2013 tí ó wá láti Amẹ́ríkà. Kí ẹni tí kò bá dá a lójú wo ìdérí ẹ́ńjìnnì bóyá yóò rí GDI, FSI tàbí TSI níbẹ̀.

Oríṣi kan tún wà tí ó burú. Àwọn kan a máa yọ rọ́bà kúrò, wọn a fi àlẹ̀mọ́ kékeré dé ihò èémí, wọn a sì jẹ́ kí èéfín jáde síta. Lóòótọ́ ni ìkùukùu kò ní dé fáàfù láti ibẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí yóò máa fa oru omi àti epo kúrò lórí ọ́ìlì, ọ́ìlì a sì tètè bàjẹ́. Bí a kò bá dí ojú ibi tí a ti yọ rọ́bà, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì kò wọ̀n yóò máa wọlé, iná ìkìlọ̀ yóò sì tàn. Òórùn rẹ̀ yóò máa wọ inú ọkọ̀ bá èrò. Òfin Amẹ́ríkà kò fàyè gba irú àyípadà yìí lára ọkọ̀ ojú títì.

Kí owó tó lọ sórí agolo, ọ́ìlì ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ sí. Irú èyí tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ ni kí a lò, kí a sì pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò. Oògùn inú ìgò tí a ń dà sínú táńkì epo lè fọ ínjẹ́tọ̀, ṣùgbọ́n kò lè dé ẹ̀yìn fáàfù, nítorí epo fúnra rẹ̀ kò dé ibẹ̀. Bí kábọ̀n bá ti dì, fífọ̀ ni ó kù. Àwọn òyìnbó a máa tú ọ̀nà afẹ́fẹ́, wọn a sì fi afẹ́fẹ́ alágbára fẹ́ èèpo walnut lílọ̀ lu fáàfù tí ó wà ní pípadé. Èso náà jọ àwùsá tiwa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà. Mẹkáníìkì tiwa lè fi oògùn rẹ ẹ́, kí ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì há a kúrò. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe da omi tàbí kẹrosíìnì sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, nítorí písítìn kò lè tẹ omi, ọ̀pá rẹ̀ ni yóò tẹ̀.

Ẹni tí ó bá sì ti ra agolo, kí ó tú u dà nígbàkigbà tí ó bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì, kí ó sì tún máa wò ó láàárín ìgbà náà. Bí agolo bá kún, ẹ́ńjìnnì lè fa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ mu lẹ́ẹ̀kan náà. Bí rọ́bà rẹ̀ bá sì dí, síìlì ni ọ́ìlì yóò gbà jáde.