Ọ́ìlì Tí Ó Ki Jù



Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa da ọ́ìlì 20W-50 sínú ọkọ̀ tí ìwé rẹ̀ ní kí a lo 5W-30. Wọn a ní ooru ilẹ̀ wa ni ó fà á. Ṣùgbọ́n 30 tàbí 50 ẹ̀yìn nì ń sọ bí ọ́ìlì ti ki tó nígbà tí ó bá gbóná dé 100 ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Ooru inú ẹ́ńjìnnì ni èyí, kì í ṣe ti oòrùn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lówùúrọ̀, ọ́ìlì tí ó ki jù kì í tètè dé àwọn ojú ihò tóóró. Irin a sì máa ha irin. Ọkọ̀ a sì máa jẹ epo sí i.

Lóòótọ́, bí ẹ́ńjìnnì ti ó ti gbó bá ń mu ọ́ìlì, èyí tí ó ki lè dín in kù. Ṣùgbọ́n ìbòjú ni, kì í ṣe oògùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọkọ̀ jẹ́ oko àti ọjà yín, ẹ yẹ ìwé ọkọ̀ wò kí ẹ tó gbọ́ ti ọlọ́ìlì. Bí ìwé náà bá fi àyè gba èyí tí ó ki ní ilẹ̀ olóoru, ẹ lò ó. Bí kò bá gbà, ẹ má ṣe dán an wò. Ẹni tí ó rọ ọkọ́ ni ó mọ bí èékù rẹ̀ ti rí.