Sàráà Lọ́tọ̀, Òwò Lọ́tọ̀

   

Bí a bá dárúkọ sàráà, ohun tí ó ń sọ sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn ni ìrẹsì, ṣúgà àti dàbínù tí à ń pín lásìkò ìṣínu. Ó dára, ẹ má dá a dúró. Ẹni tí ebi ń pa lónìí kò lè dúró de ọ̀la. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kan tó wà ní Èkó àti ní ìlú òyìnbó ti ń bi wá pé ṣé kò ní sàn kí àwọn ra ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ sílé, kí àwọn ìyá máa rí iṣẹ́ ṣe. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àmọ́, ta ni yóò ni ẹ̀rọ náà? Ta ni yóò jẹ èrè rẹ̀? Ṣé sàráà ni, àbí òwò?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe gàrí mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ kì í dúró deni. Tí a bá ti hú u, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ó ti ń bàjẹ́. A ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó rin ín, a ó dì í sápò kí ó kan, a ó fi jáàkì fún omi rẹ̀ jáde, a ó jọ̀ ọ́, kí a tó dín in. Iṣẹ́ wọ̀nyí náà ni ó ń mú májèlé inú ẹ̀gẹ́ kúrò. Nítorí náà, ọwọ́ ẹni tó ni ẹ̀rọ ni agbára wà. Opó tí kò rí owó ìrin san, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ á jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́ ni.

Ẹ gbọ́ ohun tí Abu Dawud gbà wá. Ará Mẹ̀dínà kan wá tọrọ lọ́dọ̀ Ànọ́bì. Aṣọ kan àti ife kan ló ní nílé. Ànọ́bì tà wọ́n ní díríhámù méjì. Ó ní kí ó fi ọ̀kan ra oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, kí ó fi èkejì ra àáké, kí ó lọ máa ṣẹ́gi tà fún ọjọ́ 15. Nígbà tí ó padà dé, díríhámù 10 ló ti rí. Ẹ ṣàkíyèsí i: oúnjẹ kọ́kọ́ wà, irinṣẹ́ tẹ̀ lé e, irinṣẹ́ náà sì di ti ẹni tó ń lò ó.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ya àpò mẹ́ta sọ́tọ̀.

Àpò kìn-ín-ní ni sàká. Ìdá kan nínú ogójì ni, lórí owó tó pé òṣùwọ̀n tó sì pé ọdún. Ẹ̀tọ́ aláìní ni. Súrà Taoba, ẹsẹ 60, ti to àwọn mẹ́jọ tó ni ín. Ní ọdún 1986, àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù tó pàdé ní Amman ní Jọ́dánì gbà pé a lè fi owó sàká dá iṣẹ́ sílẹ̀, bí a bá ti bọ́ ẹni tí ebi ń pa tán, tí iṣẹ́ náà yóò sì di ti àwọn tó ni sàká. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò fara mọ́ ọn. Ọ̀nà tí kò ní wàhálà ni kí a gbé ẹ̀rọ lé aláìní lọ́wọ́, kí ó di tirẹ̀. Sàká ìtúnu ààwẹ̀ ní tirẹ̀, oúnjẹ ni, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ aláìní kí ìrun yídì tó wáyé. Ẹ má sọ ọ́ di owó ẹ̀rọ o.

Àpò kejì ni wákáfù. Nígbà tí Umar ní ilẹ̀ ní Khaybar, Ànọ́bì kọ́ ọ pé kí ó dá ilẹ̀ náà dúró, kí ó máa fi èso rẹ̀ ṣe sàráà. A kò gbọ́dọ̀ tà á, a kò gbọ́dọ̀ jogún rẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lè jẹ níbẹ̀ níwọ̀nba. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀rọ gàrí lè rí: kí owó ìrin kọ́kọ́ ra epo, kí ó tún ẹ̀rọ ṣe, kí ìyókù lọ sọ́dọ̀ ọmọ aláìníbaba.

Àpò kẹta ni òwò. Òwò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, ilé-iṣẹ́ Promasidor dáwọ́ lé oko màlúù onímílíìkì Ìkún-Èkìtì ní Mọ̀bà, òun àti ìjọba ìpínlẹ̀. Wọ́n pè é ní òwò, kò sẹ́ni tó bínú. Nínú àjọṣe owó àti agbára, èrè ni à ń pín bí a ṣe jọ sọ ọ́. Bí òfò bá dé láìsí àìbìkítà, olówó pàdánù owó, òṣìṣẹ́ pàdánù làálàá. Ṣùgbọ́n kí olówó ní iye kan pàtó ni òun yóò gbà, ó jèrè o, kò jèrè o, èlé ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ lo fẹ́ fi háyà, sọ pé háyà ni. Ìyẹn náà lẹ́tọ̀ọ́.

Ibi tí ewu wà ni kí a da àwọn àpò yìí pọ̀. Ẹnìkan gbé ẹ̀rọ wá, ó kọ "sàráà fún àwọn opó" sára ògiri, ó ń gba owó ìrin bíi ti ọjà, ó tún fẹ́ kí wọ́n máa kúnlẹ̀ kí òun. Ó jèrè lọ́wọ́ opó, ó tún fẹ́ gba láádá lọ́wọ́ Ọlọ́hun lórí rẹ̀! Súrà Bakara, ẹsẹ 264, kìlọ̀ pé ìrègún àti ìnira ń ba sàráà jẹ́. Ẹsẹ 267 sì kọ̀ fún wa láti máa ṣa ohun tí kò dára fún aláìní. Gàrí tó ti hu olú kì í ṣe sàráà, ẹ̀rọ tó ti dẹnu kọlẹ̀ náà kì í ṣe sàráà.

Ẹ̀yin ọmọ wa, kí ẹ tó rán owó, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé níwájú ẹlẹ́rìí: sàká ni, wákáfù ni, àbí òwò. Ẹ bi àwọn ìyá tó ń dín gàrí ní ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ní Ìkọ̀lé níbí ni ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Ọ̀yẹ́ wà. Ẹ fọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n kí ẹ tó ra ẹ̀rọ.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa, kí Ó fi àlùbáríkà sí ọrọ̀ wa, kí Ó má jẹ́ kí a jẹ ẹ̀tọ́ aláìní mọ́ tiwa. Àmín.