Ọ̀RỌ̀ ADMIN: Kí ló dé tí omi tún rú lẹ́yìn tí álọ́ọ̀mù ti mú un tòrò?

Admin yín ni o. Ẹni tí kò bá ráyè gbọ́ ohùn, òun la tẹ̀ síbí yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún àwọn ìyá wa nílé.

Ìbéèrè tó wọlé ni pé: “Mo da álọ́ọ̀mù sí omi kòtò kuza, ó tòrò. Mo fi kún un kó lè mọ́ sí i, ló bá tún rú. Kí ló fà á?”

Ìbéèrè gidi ni. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914 ni wọ́n ti ń wa kuza ní Naraguta níbí. Kòtò tí wọ́n fi sílẹ̀ ló di adágún omi, òun náà ni ọ̀pọ̀ ń pọn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Ohun tó mú omi yẹn rú ni amọ̀ àti yanrìn lẹ́búlẹ́bú. Tí yanrìn bá ti wà nínú omi, ara rẹ̀ máa ń ní iná mọ̀nàmọ́ná díẹ̀, irú tí wọ́n ń pè ní négátífù. Négátífù kì í gba négátífù mọ́ra. Wọ́n ń ti ara wọn, kò sí èyí tó fẹ́ rì. Ẹ lè gbé korobá kalẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kó má tòrò.

Pósítífù ni álọ́ọ̀mù gbé wá. Kóró mọ̀ríńgà, zogale tí gbogbo wa mọ̀, náà ní purotéènì tó jẹ́ pósítífù. Ó ń lẹ̀ mọ́ yanrìn, ó ń so ọ̀kan mọ́ èkejì, wọ́n á ṣù jọ, wọ́n á wúwo, wọ́n á di gèdẹ̀gẹ́dẹ̀ nísàlẹ̀. Lọ́dún 2010, Kwaambwa, Hellsing àti Rennie fi ìtànṣán neutron wo bó ṣe ń tẹ́ sára irú nǹkan tí yanrìn jẹ́. Omi lásán kò ṣàn án kúrò.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dà á jù, yóò bo yanrìn yíká. Gbogbo wọn á wá di pósítífù, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ti ara wọn. Ìdí tó fi rú padà nìyẹn. Àpọ̀jù ni.

Ọṣẹ ńkọ́, ọjà tèmi? Ọṣẹ ní orí tó fẹ́ràn omi, ó ní ìrù tó ń sá fún omi. Orí ọṣẹ ìfọṣọ négátífù ni, kò fẹ́ràn yanrìn. Purotéènì zogale ló máa dì mú. Torí náà, ẹ ṣan korobá ọṣẹ dáadáa kí ẹ tó lò ó, kí zogale yín má bàa ṣòfò. Ti kọ̀ǹdíṣọ́nà irun yàtọ̀: orí tiẹ̀ pósítífù ni, irun sì jẹ́ négátífù, ló ṣe ń dúró sára irun lẹ́yìn tí a bá ti ṣàn án.

Ẹ wá ṣe báyìí. Ẹ bu omi sínú ìgò funfun mẹ́ta. Ẹ fi díẹ̀ sí àkọ́kọ́, ìlọ́po méjì sí ìkejì, ìlọ́po mẹ́rin sí ìkẹta. Ẹ rò ó, ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì. Èyí tó bá tòrò jù ni ìwọ̀n yín. Omi òní kọ́ ni omi ọ̀la, tí òjò bá rọ̀, ẹ tún un wò.

Ẹ má jẹ́ kí omi zogale sùn mọ́jú, torí ìyókù kóró inú rẹ̀ máa ń bàjẹ́. Ní Penn State l'Amẹ́ríkà, Stephanie Velegol àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi zogale pò yanrìn, wọ́n ṣàn án: purotéènì dúró, ìyókù bómi lọ.

Èyí tó ká mi lára jù rèé: omi tó tòrò kì í ṣe omi tó mọ́ tán. Ẹ sè é kó hó kí ọmọ tó mu ún. Síse kò sì lè yọ mẹ́táálì tó ti wọnú omi kòtò kuza. Tí kànga tàbí bòhóòlù bá wà nítòsí, ibẹ̀ ni kí ẹ ti pọn omi mímu. Ẹ fi ti kòtò fọṣọ.

Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó fi ohùn sílẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú méjì lọ o. Ó dàárọ̀.