Ẹni Tó Jáde Kò Kúrò Nínú Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: nígbà tí gbogbo wa bá wálé ọdún, kí ẹgbẹ́ kan láti Ìgbò-Ọrà pe ẹgbẹ́ kan láti Èrúwà sí eré kírikẹ́ẹ̀tì ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: "Eré òyìnbó kẹ̀? Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ńkọ́?" Ẹ má bínú, eré yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láti ọdún 1904 ni Èkó àti Gold Coast, tó di Gánà lónìí, ti kojú ara wọn nínú rẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí kò tíì pé ọdún 19 na New Zealand nínú ìdíje àgbáyé ní Màléṣíà, 65 sí 63. Àmì méjì péré!

Kò le. Ènìyàn 11 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. A ó ri igi mẹ́ta síbí, mẹ́ta sọ́hùn-ún, nǹkan bíi mítà 20 láàárín wọn. Ẹnìkan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnìkejì á fi pátákó gbá a, á sì sáré láti gba àmì. Bí bọ́ọ̀lù bá bi igi náà, tàbí tí ẹnìkan bá hán an kó tó kanlẹ̀, rẹfirí á na ìka sókè: ẹni tó ń gbá a ti jáde nìyẹn.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Alága ni o, olóyè ni o, tí ìka bá ti gòkè, á gbé pátákó rẹ̀, á rìn jáde. Kò gbọ́dọ̀ bi rẹfirí pé ta ló bí i. Ṣùgbọ́n kò relé. Á jókòó, á máa pàtẹ́wọ́ fún èyí tó kù. Tó bá kan ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ṣọ́ pápá, á padà wọlé.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Nínú ẹgbẹ́ wa, ẹni tí ìbò kò bá gbè, á lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí a bá bi léèrè owó, á jáde lórí WhatsApp lóru. Kòǹga tí a fẹ́ gbẹ́ á wá dúró síbẹ̀. Bí a bá ń jà, ṣe bí i ká kú kọ́?

Ìnáwó rẹ̀ kò pọ̀. Káfíńtà á gbẹ́ pátákó, bọ́ọ̀lù tẹníìsì á tó, kó má baà ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Ẹ jẹ́ ká ju bọ́ọ̀lù 60 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà-mẹ́fà kí a tó pààrọ̀ ẹni tó ń jù ú. Tọkùnrin tobìnrin ni kó gbá a. Kí rẹfirí wá láti Ìdèrè tàbí Lánlátẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wọ́n ṣègbè. Ẹgbẹ́ tó bá pàdánù ni kó kọ́kọ́ bu oúnjẹ.

Ẹgbẹ́ wo ló máa kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀? Àwa ń retí yín. Ìbàràpá méje á gbè wá o.