Labalábá Tí Ó Ń Mú Owó Wálé

 

Ọ̀rọ̀ labalábá ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín. Yóò ní, "Labalábá kẹ̀? Ohun tí ọmọdé ń lé kiri ni a ó máa sìn bí adìyẹ?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi ná.

Ẹ̀yin náà mọ bí igbó wa ti rí tẹ́lẹ̀. Igi gẹdú kún inú rẹ̀. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ya igbó Omo sọ́tọ̀. Ní ọdún 1977, àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Erin ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ayùn kò sinmi. Ẹni tí ó gé igi lónìí rí owó lónìí. Lọ́la ńkọ́? Igi tí ó gba ọgọ́ta ọdún kí ó tó dàgbà, wákàtí kan ni a fi ń gé e lulẹ̀. Kí ni àwọn ọmọ wa yóò wá gé?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn kan ṣe ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà. Igbó ńlá kan wà létí òkun níbẹ̀, Arabuko-Sokoke ni orúkọ rẹ̀. Inú àwọn àgbẹ̀ tí ó yí igbó náà ká kò dùn sí i rárá. Erin àti ọ̀bọ ń jáde wá jẹ oko wọn run. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ kí ìjọba gé igbó náà, kí wọ́n pín ilẹ̀ fún wọn. Ní ọdún 1993, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní ìlú Gede, wọ́n pè é ní Kipepeo. Labalábá ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Swahili. Àwọn àgbẹ̀ ń sin labalábá, Kipepeo ń bá wọn tà á sí ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí owó ń wọlé, ọ̀pọ̀ yí ọkàn padà. Wọ́n rí i pé bí igbó bá parun, labalábá parun, owó náà parun.

Ẹ ó bi mí pé, "Ta ni ń ra labalábá?" Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, wọ́n kọ́ ilé onígíláàsì, wọ́n mú inú rẹ̀ gbóná bí ilẹ̀ wa. Àwọn ènìyàn ń sanwó wọlé láti wo labalábá tí ń fò. Ẹ̀mí labalábá kò gùn. Nítorí náà wọ́n ní láti máa ra tuntun nígbà gbogbo.

Báyìí ni wọ́n ti ń ṣe é. Àgbẹ̀ á fi àwọ̀n mú abo labalábá nínú igbó. Àwọn oríṣi kan fẹ́ràn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti rà, òun ni wọ́n fi ń dẹ wọ́n. Á fi abo náà sínú ilé alá-wọ̀n pẹ̀lú ewé tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Abo á yé ẹyin sára ewé. Ẹyin á pa, kòkòrò ajewé á jáde. Kòkòrò náà á jẹ, á sanra, á bọ́ awọ, á sì di kókó tí ó so rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi. Kókó yìí ni wọ́n ń tà. Ẹ má gbàgbé: bí kò sí ewé tirẹ̀, kò sí labalábá. Olúkúlùkù ló ní ewé tí ó ń jẹ.

Ẹni tí ó bá ní igi ọsàn ti rí ọ̀kan rí. Nígbà tí ó kéré, ó dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ lójú ewé. Tí ó bá dàgbà, á di aláwọ̀ ewé. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á yọ ìwo rírọ̀ méjì tí ń rùn. Ọ̀tá la máa ń pè é, a sì ń pa á. Labalábá ńlá dúdú, alámì yẹ́lò, ni yóò dà.

Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín jẹ. Iṣẹ́ yìí ní ewu tirẹ̀. Kókó kò lè pẹ́ nílẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tí ó rà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á là sínú àpótí lójú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀kejì, ìwé àṣẹ ìjọba ṣe pàtàkì. Ní Amani, ní ilẹ̀ Tansaníà, àwọn àgbẹ̀ ti ń jẹun nídìí labalábá. Ní ọdún 2016, ìjọba wọn dá kíkó ẹranko ààyè lọ sí òkèèrè dúró. Ọjà labalábá sì dúró pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ má ta oko kòkó nítorí labalábá o! Ẹ fi kún iṣẹ́ tí ẹ ní ni. Àwọn ti Kipepeo pàápàá ń ta oyin mọ́ ọn.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ní Bobiri, nítòsí Kumasi ní ilẹ̀ Gánà, wọn kò kó labalábá lọ síbì kan. Àwọn àlejò ló ń wá sínú igbó láti wò ó, oríṣi rẹ̀ níbẹ̀ sì ju 300 lọ.

Kí ni kí a ṣe? Ẹ má kọ́kọ́ ra àwọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò rà á. Ẹ kó ara yín jọ ní ẹgbẹ́, nítorí ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ẹ lọ sí Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè, ẹ bi àwọn olùkọ́ tí ó mọ̀ nípa kòkòrò léèrè. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí, ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù lọ sóko. Ẹ kọ orúkọ ewé tí ẹ bá bá kòkòrò lórí rẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí ó di kókó, ẹ kọ ọjọ́ tí ó là. Ìwé yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.

Àwọn àgbà ní labalábá tó bá dìgbò lu ẹ̀gún, aṣọ rẹ̀ á fàya. Àwa náà, ẹ jẹ́ kí a rọra. Ẹni tí ó bá rọra wo ọ̀nà kí ó tó fò, aṣọ rẹ̀ kò ní ya.