Ìrìn-Àjò Mímọ́ Àkọ́kọ́ Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Bí oṣù Ràmàdáánì bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀ lọ́dọọdún, àwọn pápá ọkọ̀ òfurufú wa ní Èkó, Kánò àti Àbújá a máa kún fún èrò tí ó ń lọ sí ilẹ̀ Sáúdì Arébíà. Àkókò Hájì kọ́ ni àkókò yìí. Úmúrà ni wọ́n ń lọ ṣe, èyí tí àwọn kan ń pè ní Hájì kékeré. Àwọn tí ó ti lọ rí kì í kánjú, ṣùgbọ́n kò ṣòro láti dá ẹni tí ó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ mọ̀. Òun ni ó ń fọwọ́ kan ìwé ìrìnnà rẹ̀ nígbà gbogbo bí ẹni pé yóò fò lọ. Òun náà ni gbogbo ẹbí sìn wá, tí ìyá rẹ̀ arúgbó sì ń ṣe àdúrà sí i létí. Ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àsọyé wa ti òní.

Kí àwọn olùgbọ́ wa tí kì í ṣe Mùsùlùmí lè bá wa lọ, ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí Úmúrà jẹ́. Hájì ní ọjọ́ tirẹ̀ nínú oṣù tí ó kẹ́yìn ọdún àwọn Mùsùlùmí; ẹni tí kò bá sì sí ní Aráfà ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà, kò ní Hájì lọ́dún náà. Úmúrà kò ní irú gbèdéke bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe é yóò dá àníyàn rẹ̀ ní ibi tí a yàn kí ó tó dé Mẹ́kà. Bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, yóò ró aṣọ méjì tí a kò rán. Yóò yí Káábà po lẹ́ẹ̀méje, yóò sì rìn lẹ́ẹ̀méje láàárín òkè Safa àti òkè Marwa, ní ìrántí Hájárà tí ó sáré wá omi fún ọmọ rẹ̀ Ìsímáílà. Lẹ́yìn náà ni yóò gẹ irun orí rẹ̀ tàbí kí ó fá a. Wákàtí díẹ̀ tó fún gbogbo rẹ̀ bí èrò kò bá pọ̀.

Ṣùgbọ́n nínú oṣù ààwẹ̀, èrò a máa pọ̀ jọjọ. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, a ó tẹ́ ọ̀rá gígùn sílẹ̀ nínú mọ́ṣáláṣí ńlá náà, a ó sì to dàbínù àti omi Zamzam sórí rẹ̀. Ọmọ Indonéṣíà a jókòó ti ọmọ Mòrókò, ọmọ Pakísítánì a na dàbínù sí ọmọ Sókótó, kò sì sí ẹni tí ó ń béèrè orúkọ baba ẹnì kejì rẹ̀ kí ó tó fún un ní ohun ìṣínu. Lẹ́yìn ìrun alẹ́, ìrun àṣámù a bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oṣù bá sì ku ọjọ́ mẹ́wàá, àwọn ènìyàn a máa dìde kírun ní ọ̀gànjọ́, ní ìrètí pé àwọn yóò ṣe kòńgẹ́ Òru Abiyì. Ẹni tí ó bá fi ojú ara rẹ̀ rí èyí kò lè gbàgbé rẹ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, kí ó rántí pé ìrìn láàárín Safa àti Marwa nìkan tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta, àti pé Àlùkùránì fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda fún aláìsàn àti arìnrìn-àjò láti ṣínu, kí wọ́n sì san ààwẹ̀ náà padà ní ọjọ́ mìíràn. Àgbàlagbà alátọ̀gbẹ tí ó bá kọ ìyọ̀ǹda yìí, tí ó sì ṣubú lulẹ̀ láàárín èrò, kò ṣe ẹ̀sìn ju ẹni tí ó gbà á lọ.

Kí ni ó wá mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn yan oṣù ààwẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú hádíìsì kan tí Bukhari àti Muslim jọ gbà sílẹ̀ láti ẹnu Ibn Abbas. Nígbà tí Ànábì Muhammad ti Hájì rẹ̀ dé ní ọdún 632, ó bi obìnrin ará Mọdínà kan, Umm Sinan, léèrè ìdí tí kò fi bá wọn lọ. Obìnrin náà dáhùn pé ràkúnmí méjì ni ọkọ òun ní. Ó gun ọ̀kan lọ sí Hájì, èkejì sì ni àwọn fi ń fa omi sí oko. Ànábì wá jẹ́ kí ó mọ̀ pé láádá Úmúrà tí a ṣe nínú Ràmàdáánì tó ti Hájì.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó há ìparí ìtàn yìí sórí, tí wọ́n sì gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ràkúnmí kejì yẹn. Ó wà nílé. A kò já a kúrò nídìí iṣẹ́ oko, bẹ́ẹ̀ ni a kò tà á kí ìyá náà lè rí owó ọ̀nà. Ẹran tí ó ń fún ilé ní oúnjẹ dúró sídìí iṣẹ́ rẹ̀, Ọlọ́hun kò sì torí èyí fi láádá du ìyá náà. Lójú tiwa, níbẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà fún ẹni tí ó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́: kí ó má ṣe ta ràkúnmí tí ó ń fa omi.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe kókó ní àkókò tiwa. Kí ó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là Amẹ́ríkà kan kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba; kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,400. Bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ pé dọ́là àti ríyàl ni a fi ń ṣírò owó ọkọ̀ òfurufú àti owó ilé ní Mẹ́kà. Ẹni tí ó ti ń fi owó pamọ́ láti ọdún mẹ́ta wá rí i pé owó òun kò gbé òun dé ìdajì ọ̀nà mọ́. Níbẹ̀ ni ìdánwò ti ń bẹ̀rẹ̀. Aránṣọ a fẹ́ ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Awakọ̀ a fẹ́ ta ọkọ̀. Oníṣòwò a fẹ́ fi owó ọjà tí ó gbà láwìn ṣe owó ọ̀nà. Baba mìíràn a fẹ́ fi owó ilé-ìwé ọmọ kún un. Gbogbo wọn ni yóò sọ pé nítorí Ọlọ́hun ni. Ṣùgbọ́n Hájì tí í ṣe òpó ẹ̀sìn, ẹni tí ó ní agbára ọ̀nà rẹ̀ nìkan ni ó di dandan fún, ká má tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti Úmúrà. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó bá fi ebi sílẹ̀ nílé, tí onígbèsè sì ń retí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò lè fi ọkàn kan yí Káábà po.

Ohun kejì tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò ni pé, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti là á sílẹ̀, láádá ni ó dọ́gba, ojúṣe kò dọ́gba. Ẹni tí ó ṣe Úmúrà nínú Ràmàdáánì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò tíì ṣe Hájì. Kò burú bí àwọn aládùúgbò bá ń pè é ní Àlháájì tàbí Àlhájà ní ọjọ́ tí ó dé. Ohun tí ó burú ni kí oyè náà mú un gbàgbé èyí tí ó ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn mìíràn kò gbàgbé, ṣùgbọ́n ọ̀nà ẹ̀bùrú ni wọ́n fẹ́ gbà: wọn a bá Úmúrà wọlé nínú ààwẹ̀, wọn a sì sá pamọ́ títí Hájì yóò fi dé.

Ìwà yìí ní ìtàn. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èrò láti ilẹ̀ Háúsá àti Bọ̀nú fi ń rìn lọ sí Mẹ́kà. Wọn a gba ilẹ̀ Ṣáàdì kọjá sí Súdáànì, wọn a ṣe iṣẹ́ oko òwú níbẹ̀ kí wọ́n lè rí owó ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé wọn sọdá Òkun Pupa dé Jídà. Ọdún a máa gorí ọdún, wọn a sì máa bímọ sójú ọ̀nà. Títí di òní ni àtọmọdọ́mọ wọn wà ní Súdáànì. Nígbà náà, pípẹ́ lọ́nà kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ayé ti yí padà. Nǹkan bíi wákàtí márùn-ún ni bàálù fi ń fò láti Kánò dé Jídà, físà sì ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán. Ní ọdún 2025, ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ni ìjọba Sáúdì fi ṣe ọjọ́ ìkẹyìn tí àwọn tí ó bá Úmúrà wá gbọ́dọ̀ kúrò ní ilẹ̀ náà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òfin nìkan ni èyí. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Nínú Hájì ọdún 2024, nígbà tí ooru Mẹ́kà kọjá 50 ní ìwọ̀n Celsius, ìjọba Sáúdì kéde pé ènìyàn 1,301 ni ó kú, àti pé 83 nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn ni kò ní ìwé àṣẹ Hájì. Wọ́n rin ọ̀nà jíjìn nínú oòrùn, láìní àgọ́ tí wọ́n lè sinmi sí.

Ẹ̀rù kẹta wà nínú ẹrù fúnra rẹ̀. Ní ìparí ọdún 2018, àwọn aláṣẹ Sáúdì mú ọmọ Nàìjíríà kan tí ó lọ fún Úmúrà, nítorí oògùn tí wọ́n bá nínú àpò tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ìwádìí fi hàn pé àwọn ọ̀daràn ni ó so orúkọ rẹ̀ mọ́ àpò tí kì í ṣe tirẹ̀ kí bàálù tó gbéra. Oṣù kẹrin ọdún 2019 ni a tó dá a sílẹ̀. Irú rẹ̀ tún dé bá arìnrìn-àjò mẹ́ta ní ọdún 2025. Ní ilẹ̀ tí a ti lè torí oògùn olóró pa ènìyàn, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Arìnrìn-àjò kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́, ìbáà ṣe àfáà. Kí ó sì ka àmì tí a lẹ̀ mọ́ ẹrù rẹ̀ dáadáa, kí iye rẹ̀ má bàa ju iye àpò tí ó gbé wá. Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra arìnrìn-àjò kò tó bí olè bá ń bẹ lẹ́yìn ìkànnì tí ń gba ẹrù. Ojúṣe àwọn aláṣẹ ni láti rí i pé kò sí àpò tí ó wọ ọkọ̀ láìsí olúwa rẹ̀.

Ní ọdún 2020, àrùn kòrónà mú kí a ti ọ̀nà Úmúrà pa. Nígbà tí ààwẹ̀ dé ní oṣù kẹrin ọdún náà, kò sí àlejò kan láti ilẹ̀ òkèèrè tí ó lè débẹ̀. Ta ni yóò sọ pé Ọlọ́hun kò gbọ́ àdúrà àwọn tí ó jókòó sílé lọ́dún náà?

Nítorí náà, ẹ̀yin olùgbọ́ wa, bí ràkúnmí oko bá wà nídìí iṣẹ́ rẹ̀, tí òmíràn sì ṣẹ́kù, kí ẹni tí ó ní in gùn ún lọ, kí ó sì dé ní ọjọ́ tí ó dá. Bí kò bá ṣẹ́kù, kí ó dúró. Kí ó bu omi ìṣínu fún aládùúgbò rẹ̀, kí ó sì máa tọ́jú owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ lọ́nà yìí, ìyá rẹ̀ tí ó ṣe àdúrà sí i létí ní pápá ọkọ̀ òfurufú yóò tún pàdé rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀, kò sì ní bá onígbèsè kankan lẹ́nu ọ̀nà.